Kí ló dé tí báńkì ń jèrè rẹpẹtẹ, tí yíyá ọlọ oúnjẹ adìyẹ lówó wá ń ni wọ́n lára?

Akápò Òròkí béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ àti ti ẹja, láti ọ̀nà Ìlobù títí dé ọ̀nà Ìkìrun, fẹ́ ṣèpàdé lórí owó tí a máa fi ra àgbàdo. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí. Bó bá ti di oṣù Kọkànlá sí Kejìlá, àgbàdo Òkè Ọya á ti dé, owó rẹ̀ á rọlẹ̀. Ẹni tó bá rà á sílẹ̀ nígbà náà ló máa rí i lọ̀ ní oṣù Kẹrin sí Kẹfà láìsí pé ó ń sá tọ olówó èlé kiri.

Ohun tó rú wa lójú ni ti báńkì. Ẹ jẹ́ ká mú ọlọ kan tó ń tà tó mílíọ̀nù 6 náírà lóṣù, tó sì béèrè mílíọ̀nù 10. Báńkì kìn-ín-ní á ní kó lọ mú ilé wá. Èkejì á ní kó kọ́kọ́ máa fi àkáǹtì náà ṣòwò fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀kẹta á ní mílíọ̀nù 2 ni àwọn lè ṣe, wọn ò sì ní sọ bí wọ́n ṣe dé orí iye yẹn. Bẹ́ẹ̀ àwọn báńkì kan náà ló ń kéde èrè ọ̀ọ́dúnrún bílíọ̀nù àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé wọn ò lówó ni, àbí wọn ò fẹ́? Kí ni wọ́n ń wò gan-an nínú fáìlì? Kí la lè yí padà kí oṣù Kọkànlá tó dé? Ẹ jọ̀ọ́, iye owó àti ìgbésẹ̀ la fẹ́. Ẹ má sọ fún wa pé ká lọ mọ mánéjà.

Olùṣírò Ọjà Ọba fèsì:

Akápò, ẹ kú àmójútó ẹgbẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ti èmi. Àwọn tó ń jókòó nídìí fáìlì lóònù á dá yín lóhùn lórí ìyókù.

Owó wà ní báńkì, àmọ́ èyí tí wọ́n lè dá yá ẹlòmíì nínú rẹ̀ kò tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ mú 100 náírà tí oníbàárà kan fi pamọ́. Báńkì Àpapọ̀, CBN, á kọ́kọ́ gba apá kan nínú rẹ̀ fi sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láìsan èlé kankan lé e lórí. CRR ni wọ́n ń pè é. Ní 2020, 27.5 náírà nínú 100 ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022 ó di 32.5, ní oṣù Kejì 2024 ó fò sókè di 45, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ó di 50. Oṣù Kẹsàn-án 2025 ni wọ́n tó dá a padà sí 45. Lẹ́yìn èyí, òfin tún ní kí báńkì tọ́jú 30 nínú 100 sínú ohun tó lè tètè di owó lọ́wọ́. Ẹ yọ 45, ẹ yọ 30. 25 náírà ló kù. Èrè tí ẹ sì ń gbọ́ nínú ìwé ìròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ ti ara yíyá àwọn bíi tiyín lówó wá.

Ẹ wò ó ní ti iye tó ń ná wọn náà. Bí oníbàárà bá fi owó síbẹ̀ fún àkókò kan, tí báńkì ń san 20% fún un, tí 45 nínú 100 sì ti wà ní CBN tí kò mú nǹkan kan wọlé, 55 tó kù ló máa ru 20 yẹn. Ẹ pín in: ó ju 36% lọ kí báńkì tó jẹ kọ́bọ̀. Kì í ṣe gbogbo owó ni wọ́n ń san 20% lé lórí o. Owó inú current account fẹ́rẹ̀ẹ́ má ná wọn ní nǹkan kan. Ti àkáǹtì ìfowópamọ́, láti oṣù Kẹjọ 2022, kò gbọdọ̀ dín ní 30% iye MPR, ìyẹn iye èlé tí CBN fi ń darí ọjà owó. Ìdí nìyẹn tí báńkì fi ń wá àkáǹtì oníṣòwò lójú méjèèjì, àkáǹtì tí owó ń wọ̀ tó ń jáde nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà, torí ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ tí wọ́n ń fẹ́ nìyẹn.

Ní ti MPR fúnra rẹ̀, 11.5% ló wà kí oṣù Karùn-ún 2022 tó dé. Wọ́n ń gbé e sókè láti orí 13% títí ó fi dé 27.5% ní oṣù Kọkànlá 2024, kí wọ́n tó dín in sí 27% ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Torí ọ̀wọ́ngógó ọjà ni wọ́n ṣe gbé e sókè. Ẹnikẹ́ni tó bá yá yín lówó láàárín àkókò náà, orí iye yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Orogún yín tó tún wá le jù ni ìjọba àpapọ̀. Ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú 2024, treasury bill ọdún kan, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yáwó, san ju 20% lọ. Kò sí fáìlì, kò sí pé adìyẹ kú, kò sí lọ́yà. Nínú ìṣirò owó ìpìlẹ̀ báńkì, ìyẹn owó ara báńkì fúnra rẹ̀, gbèsè tí ìjọba àpapọ̀ jẹ ní náírà kò gba owó ìpìlẹ̀ kankan lẹ́yìn, ṣùgbọ́n lóònù ọlọ yín gbà á. Lórí mílíọ̀nù 10, báńkì tó ní ìwé àṣẹ Nàìjíríà nìkan lè ní láti ní tó mílíọ̀nù 1 owó ara rẹ̀ lẹ́yìn. Èyí tó ní ẹ̀ka nílẹ̀ òkèèrè, tó mílíọ̀nù 1.5. Oṣù Kẹta 2024 ni CBN sì sọ pé owó ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ di bílíọ̀nù 500 fún báńkì tó ń ṣòwò dé òkèèrè, 200 fún ti Nàìjíríà, 50 fún ti ẹkùn, kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2026. Báńkì tó ń wá owó ìpìlẹ̀ kiri máa ń ṣọ́ra kó má fi èyí tó ní há sínú lóònù kéékèèké.

Àwọn kan á ní kí báńkì kàn fi èlé gbowó lórí, kó wá yá gbogbo ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí èlé bá ti ń wọ́n, oníṣòwò tó ń ṣírò nǹkan á yí ẹ̀yìn padà. Ẹni tí kò béèrè iye èlé rárá, tó ní kí wọ́n ṣáà fún òun lówó, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń ba báńkì jù, torí owó ẹlòmíì ló fẹ́ fi pa ẹnu ológò mọ́. Nítorí náà, wọ́n á dá iye èlé dúró síbì kan, wọ́n á wá máa fi fáìlì lé àwọn ènìyàn padà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn.

CBN náà ti gbìyànjú láti fi pàṣán lé wọn. Ní 2019, ó ní kí lóònù tó 60% owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, 65% kó tó di òpin ọdún. Bí báńkì bá yá oníṣòwò kékeré ní 100 náírà, wọ́n á kà á sí 150 fún un. Èyí tí kò bá tó, ìdajì ohun tó kù kó ṣe á bọ́ sínú CRR rẹ̀. Nígbà tí CRR gan-an wá di 45%, wọ́n ní láti dín 65% yẹn kù sí 50% ní oṣù Kẹrin 2024. Ọwọ́ kan ń tì wọ́n síwájú, èkejì ń fà wọ́n sẹ́yìn.

Ọmọ Ìlú Aró fèsì:

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ má dá CBN nìkan lẹ́bi. Àwa tó ń yáwó náà ní tiwa níbẹ̀. Bí lóònù bá ti pé 90 ọjọ́ láìjẹ́ pé wọ́n san nǹkan sí i, báńkì gbọ́dọ̀ yọ 10% rẹ̀ sọ́tọ̀ látinú èrè. Ní 180 ọjọ́, 50%. Ní 360 ọjọ́, gbogbo rẹ̀. Òté tí CBN fi lélẹ̀ ni pé lóònù tó bàjẹ́ kò gbọdọ̀ ju 5% gbogbo lóònù lọ. Ní 2009, CBN ní láti da bílíọ̀nù 620 náírà sínú àwọn báńkì tí lóònù ìpín-ìdókòwò àti ti epo fẹ́rẹ̀ẹ́ rì. Ní 2010 ni wọ́n dá AMCON sílẹ̀ láti ra gbèsè tó bàjẹ́. Àwọn tó ń kọ ìlànà lóònù lónìí kò gbàgbé ọdún yẹn.

Ti Ọ̀ṣun tún wá ní tirẹ̀. Láàárín 2015 sí 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ san ìdajì owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ onípele gíga, àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Lóònù tí wọ́n ti fi owó oṣù pípé ṣírò, báwo ló ṣe fẹ́ dúró? Ìlú tí owó oṣù ìjọba ń gbé ọjà rẹ̀ ró, bí Abẹ́rẹ̀, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, bá sín, Ọjà Ọba á wúkọ́. Ẹni tó ń ra oúnjẹ adìyẹ lọ́dọ̀ yín náà, olùkọ́ ló pọ̀ nínú wọn. Báńkì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Kírédíìtì fèsì:

Akápò, ẹ kúulé. Ẹ jẹ́ ká ṣí fáìlì ọlọ yín yẹn.

Ojú kìíní tí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò máa là, orí sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà sí méjìlá ló máa là á sí. Kì í wo àròpọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ó máa yọ owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín láti àkáǹtì kan sí èkejì, ó máa yọ owó tó wọlé tó tún padà jáde lọ́jọ́ kejì, ó máa yọ lóònù àti àjọ tí ẹ kó. Ohun tó kù ló ń pè ní owó ọjà. Mílíọ̀nù 6 ni ẹ ń tà, àmọ́ bí mílíọ̀nù 4 nínú rẹ̀ bá jẹ́ owó lọ́wọ́ tí ẹ tún kó fún oníàgbàdo lójú ẹsẹ̀, mílíọ̀nù 2 ni báńkì rí. Orí 2 yẹn ni ìṣirò rẹ̀ máa dá lé. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kẹta fi ní mílíọ̀nù 2 ni òun lè ṣe.

Èkejì, wọ́n máa wá ohun tó ṣẹ́kù. Ká ní gbogbo mílíọ̀nù 6 náà tilẹ̀ gba báńkì kọjá. Ẹ yọ àgbàdo, sóyà, ọkà búrẹ́dì, egungun lílọ̀, premix (àpòpọ̀ fítámì), dísẹ́ẹ̀lì, owó ọmọ iṣẹ́ àti ọkọ̀. Ká ní 450,000 ló kù lóṣù. Báńkì kì í fẹ́ kí ìsanpadà gbé gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń fẹ́ kí ohun tó kù tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìsanpadà oṣù kan. Ní èlé 32% lọ́dún lórí ohun tó kù nínú gbèsè, oṣù 12:

Mílíọ̀nù 3: ìsanpadà bíi 295,400 lóṣù. 450,000 gbé e dáadáa.
Mílíọ̀nù 10: bíi 984,700 lóṣù. Ó ju ìlọ́po méjì ohun tó kù fún yín lọ.

Fáìlì mílíọ̀nù 10 ti kú kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ilé. Bí ẹ bá tilẹ̀ mú ilé alájà mẹ́ta wá, iṣẹ́ náà kò lè san án láàárín oṣù 12. Báńkì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì fẹ́ máa ta ilé.

Ẹ̀kẹta, àwìn. Bí àwọn ọlọ́sìn bá jẹ yín ní oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ, ọjọ́, iye àpò, ọjọ́ tí wọ́n san. Ìwé àwìn tó mọ́ lè sọ yín di ẹni tí wọ́n ń yá lówó. Bí kò bá sí, wọ́n á kà á sí pé owó náà ti sọnù. Bí oníbàárà kan ṣoṣo bá ń rà ju ìdá mẹ́ta ọjà yín lọ, ẹ múra láti ṣàlàyé ohun tí ẹ máa ṣe bí àrùn bá wọ ilé adìyẹ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àkọsílẹ̀ gbèsè. Kí lóònù tó jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìròyìn lórí yín lọ́wọ́ ó kéré tán ilé iṣẹ́ méjì nínú àwọn tó ń kó àkọsílẹ̀ gbèsè jọ: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Wọ́n á tún wo èyí tó wà lọ́dọ̀ CBN. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ní báńkì, ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tí ọmọ yín fi fóònù yín yá lórí áàpù, tí kò san, á hàn níbẹ̀ kedere. Ẹ lọ wo tiyín kí báńkì tó wò ó. Bí gbèsè kan bá wà tí ẹ ti san, ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti san tán lọ́wọ́ ẹni tó yá yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Iṣẹ́ yìí kì í parí lọ́jọ́ kan, torí náà ẹ má dúró di oṣù Kẹwàá.

Ẹ tún mọ̀ pé mánéjà tó wà ní Òṣogbo níbí kò láṣẹ lórí ohun tó pọ̀. Ó máa kọ fáìlì, á fi ránṣẹ́ sí Èkó, àwọn tí kò mọ ọ̀nà Ìlobù ló máa fọwọ́ sí i. Bí ìwé yín kò bá dá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó máa bá yín sọ ọ́ níbẹ̀.

Akápò Òròkí:

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Ó yé wa pé mílíọ̀nù 10 ti pọ̀ jù fún ọlọ kan. Ọ̀rọ̀ ohun ìdúró ló kù. Ilẹ̀ ẹbí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa kọ́lé sí, rìsíìtì nìkan la ní, kò sí C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ṣé ẹ̀rọ ọlọ àti àgbàdo inú sítọ́ọ̀ kò lè dúró fún wa?

Lọ́yà Òkè-Fìà fèsì:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni fáìlì ń há sí jù.

Òfin Lílo Ilẹ̀ 1978, abala 22, ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó fi ilẹ̀ dógò. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù ní fífi ilé dógò láìsí ìfọwọ́sí gómìnà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó fi ilé dógò gan-an ló lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù, wọ́n sì dá a láre. Látìgbà náà, báńkì tó bá gba ìwé ilẹ̀ láìlọ sí Abẹ́rẹ̀ mọ ohun tó ń dúró dè é.

Ìgbésẹ̀ fún ẹni tó ní rìsíìtì ẹbí nìkan: ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí tọ́rọ̀ kàn fọwọ́ sí ìwé títà. Bí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, títà náà kò dúró rárá. Bí òun nìkan bá tà á láìsí àwọn yòókù, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n fagi lé e. Lẹ́yìn náà ni sọ́fè, ìyẹn àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀, láti ọwọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ, kí ó sì ti kọjá lọ́dọ̀ ọ́fíìsì sọ́fíyọ̀ àgbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ tó máa béèrè C of O ní Abẹ́rẹ̀. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ tó ti ní C of O lọ́wọ́ ẹlòmíì, ìfọwọ́sí gómìnà lórí ìwé títà ló nílò. Orúkọ tó wà lórí ìwé ilẹ̀, ti orí sọ́fè àti ti BVN gbọ́dọ̀ bára mu. "Àlàájì" lórí ọ̀kan, orúkọ bàbá lórí èkejì, ó tó láti dá fáìlì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ lọ búra ní kóòtù, kí ẹ tún gbé e sínú ìwé ìròyìn.

Iye ilé náà ní báńkì kì í ṣe iye tí aládùúgbò ń pè é. Ká ní 20 mílíọ̀nù ló lè tà ní ọjà. Àwọn tó ń díye lé ilé máa kọ iye kejì, ìyẹn iye tó máa mú wá bí wọ́n bá fẹ́ tà á kíákíá. Ká ní mílíọ̀nù 14. Bí ìlànà báńkì bá ní ohun ìdúró gbọ́dọ̀ tó 150% lóònù, bíi mílíọ̀nù 9.3 ni ilé yẹn gbé. Bó bá jẹ́ ilé ìdílé tí ìyá àgbà ṣì ń gbé nínú yàrá iwájú, wọ́n lè má gbà á páàpáà. Ta ló fẹ́ lọ lé ìyá àgbà jáde?

Ní ti ẹ̀rọ àti àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe. Òfin wà láti 2017 lórí fífi ohun tó ṣeé gbé dógò: ẹ̀rọ, ọjà inú sítọ́ọ̀, irè oko, kódà owó tí àwọn ènìyàn jẹ yín. Ẹni tó ń yá yín lówó ló máa forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní National Collateral Registry, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ síwèé pé ẹ gbà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà bí ẹ bá ti fi míkísà kan gba owó ní ibì kan, ẹ má lọ fi gba owó níbòmíì. Wọ́n á rí i.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé wẹ́dà ìlú yìí ló jó ọ̀pọ̀ ọlọ àti míkísà tí ẹ ń lò. Kò sí nọ́ńbà lára rẹ̀, kò sí rìsíìtì. Ẹ ní kí wẹ́dà kọ ìwé tó ní orúkọ yín, ọjọ́, agbára mọ́tò, ìwọ̀n ìlù míkísà, kí ó sì tẹ nọ́ńbà sára irin rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà náà. Mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ ní nọ́ńbà tiwọn, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀.

Àgbàdo Gbígbẹ fèsì:

Kí n fi ti inú sítọ́ọ̀ kún un, torí lọ́yà kò ní wọ ibẹ̀.

Báńkì tó bá gba àgbàdo gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró sábà máa ń fi àgádágodo kejì sílẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ yín, èkejì lọ́wọ́ aṣojú wọn, bí ẹ bá ṣe ń sanwó ni wọ́n á máa tú àpò sílẹ̀. Owó aṣojú yẹn, ẹ̀yin lẹ máa san án. Wọ́n á tún ní kí ẹ ra inṣọ́ránsì iná àti olè, kí orúkọ báńkì wà nínú rẹ̀ pé òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ sanwó fún. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi sọ pé kò wúlò fún àpò díẹ̀ nìyẹn. Bí ọlọ márùn-ún bá lo sítọ́ọ̀ kan pa pọ̀, ó máa ń rọrùn.

Ẹ má fi àgbàdo tútù wọlé. 100 kílò tó wọlé pẹ̀lú omi 20%, bó bá gbẹ dé 13%, 92 kílò ló kù. Kílò mẹ́jọ ti bá oòrùn lọ, èlé sì ń gun orí rẹ̀. Bí ẹ kò bá sì sá a dé 13%, á bu, májèlé inú èbu yẹn á pa adìyẹ, àwìn tí ẹ tà fún ọlọ́sìn náà á bá a lọ. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú ọkà, ẹ wọ̀n ọ́n ní iwájú ọkọ̀ kí wọ́n tó já a, láti inú àpò tó wà lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń fi tútù sí.

Ohun tó ń pa lóònù àgbàdo jù ni bí wọ́n ṣe ń san án. Ẹ yá mílíọ̀nù 5 fún oṣù mẹ́fà ní 32%, kí ẹ san iye kan náà lóṣooṣù: bíi 912,800, láti oṣù Kejìlá. Àgbàdo ṣì wà ní ilẹ̀ tí kò tíì wọ́n, ẹ ti ń tà á láti fi san báńkì. Kí ni ẹ wá rà á sílẹ̀ fún? Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa san èlé nìkan fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, 133,300 lóṣù, kí ẹ wá pín ojú owó sí mẹ́ta ní oṣù kẹrin, karùn-ún àti kẹfà lóònù náà. Àròpọ̀ èlé á jẹ́ bíi 666,700, dípò 476,900 bí ẹ bá san án ní dọ́gbadọ́gba. Ó fi bíi 190,000 wọ́n jù. Fún àgbàdo, mo rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Èlé yẹn jẹ́ 13.3% ojú owó. Ẹ fi owó báńkì kún un, ẹ fi àpò, oògùn kòkòrò, inṣọ́ránsì àti ohun tí eku jẹ kún un. Bí àgbàdo kò bá ní fi tó 17% tàbí 18% wọ́n sí i láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ má yáwó náà. Owó àgbàdo kì í sì í gòkè lọ́dọọdún. Ní oṣù Keje 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí wọ́n kó àgbàdo wọlé láìsan owó ibodè fún ọjọ́ 150. Irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lè ba ìṣirò ẹni tó ti ra ọjà sílẹ̀ jẹ́, báńkì náà ń fi í sínú ìṣirò wọn.

Akápò Òròkí:

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ìbéèrè kan péré ló kù. Báńkì alábọ́dé kan ní òun á fún wa láìgba ilé, 4% lóṣù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ń sọ pé 4% kò pọ̀, pé ó sàn ju 32% lọ.

Àǹtí Kírédíìtì fèsì:

Áà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn mú yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: 4% lórí kí ni? Bó bá jẹ́ lórí ojú owó àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mílíọ̀nù 3 fún oṣù 12 á mú 120,000 èlé wá lóṣooṣù, kódà ní oṣù tí ó ku 250,000 péré lọ́rùn yín. Àròpọ̀ èlé jẹ́ 1,440,000. Ìsanpadà jẹ́ 370,000 lóṣù. Ti 32% lọ́dún lórí ohun tó kù, àròpọ̀ èlé jẹ́ bíi 545,000. Bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n wéra, 4% yẹn dà bíi 6.6% lóṣù lórí ohun tó kù.

Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ má gbà á rárá. Fún ẹni tó fẹ́ 500,000 fún oṣù méjì, tí àgbàdo wà nínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyára lè san ohun tí èlé ń jẹ. Fún oṣù mẹ́fà, rárá.

Ẹ tún béèrè èyí tí wọ́n máa yọ kí owó tó wọ àkáǹtì. Owó ìṣàkóso ní báńkì ńlá kò gbọdọ̀ ju 1% lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni inṣọ́ránsì, owó lọ́yà, owó ẹni tó díye lé ilé, owó òǹtẹ̀ ìjọba. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi 10% sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn kí wọ́n tó yá yín, 90 ni ẹ gbà, 100 ni ẹ ń san èlé lé lórí.

Ẹ sì ka ibi tí wọ́n ti kọ GSI nínú ìwé náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 2020 ni ó ti bẹ̀rẹ̀: bí ẹ kò bá san, báńkì tó yá yín lówó lè fa owó náà yọ nínú àkáǹtì yòókù tó wà lórí BVN yín, ní báńkì mìíràn. Akápò tó ń fi àkáǹtì ara rẹ̀ kó owó ẹgbẹ́ jọ, kó tètè ṣí ti ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ kó tó fọwọ́ sí lóònù kankan.